Jíṣẹ́ Kékeré

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Oṣù mẹ́rin lónìí tí Ẹ̀gbọ́n ti kú. Jíṣẹ́, áàpù tó ṣe, òun ló ṣì ń bọ́ ilé tèmi àti ti ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù orí ayélujára sọ fún oníbàárà pé ẹrù wọn ti kúrò, ẹrù wọn ti dé. Lẹ́tà wọlé lónìí láti pọ́tàlì tí ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà wà ṣe fún àwa tá à ń ṣe áàpù. Ilé-Ẹjọ́ lèmi ń pè é — agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni wọ́n. Wọ́n ní kí n tún gbé Jíṣẹ́ wá fún àyẹ̀wò. Kó yege, ó pẹ́ tán lọ́jọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ.

Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ti gbé Jíṣẹ́ lọ fún wọn. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀ mo yà kí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n láàárọ̀. Ó ti rù kan eegun. "Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀" — Akọ̀wé ló ń pe èmi àbúrò ọkọ rẹ̀ — ó tán síbẹ̀. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Aago méje, fóònù rẹ̀ dún. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde lọ bu oúnjẹ. Mi ò béèrè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, mo rò ó. Ọlọ́run bù kún ọ̀rẹ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n dá a padà. Adájọ́ ní áàpù méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ló wà lórúkọ wa, kí n pa ọ̀kan rẹ́. Mo wò ó — Jíṣẹ́ Kékeré, èyí tí Ẹ̀gbọ́n fi ń dán nǹkan wò. Ṣọ́ọ̀bù ìdánwò kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, tí kò tà tí kò rà. Oníbàárà kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi: kó o tó pa nǹkan rẹ́, ka ìwé ohun tó ti ń ṣe. Ọ̀la ni gbèdéke. Mi ò kà á. Pọ́tàlì bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú, ó ní kò ní ṣeé dá padà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Jíṣẹ́ yege. Mo sùn bí òkúta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ rìn wá sílé mi. Kò tíì jáde látọjọ́ ìsìnkú. Ó na fóònù sí mi: nẹ́tíwọ̀kì ń yọ òun lẹ́nu, kí n bá òun wò ó, òun ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ àárọ̀ gbà lánàá, òun ò rí i lónìí.

Mo gbà á. Orúkọ Jíṣẹ́ Kékeré ló wà lórí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Aago méje, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́ta: *Ẹrù yín ti kúrò nílé. Ẹ jẹun o.*

Ẹ̀gbọ́n ti máa ń jáde kí obìnrin yìí tó jí. Ara rẹ̀ ló ń pè ní ẹrù. Ó kú tán, Jíṣẹ́ Kékeré ò gbọ́, ó ń jẹ́ iṣẹ́ lọ.

Ì bá rọrùn kí n di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì. Mo sọ òótọ́ fún un. Kò sunkún. Ó gba fóònù rẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, ó lọ.

Èmi ni mo sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kọ̀wé bẹ Ilé-Ẹjọ́. Èsì dé kíá: ohun tá a bá ti pa rẹ́ kì í padà. Èmi ni mo fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Mo jókòó, mo kọ áàpù mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà, wákàtí kan náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí aago méje tó lù. Abọ́ àná wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án. Mo ní mo ti ṣe òmíràn, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má ṣe é, Akọ̀wé. Màá mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

A jókòó níbẹ̀ títí aago méje fi kọjá.