Ọwọ́ Tí Bàbá Rẹ Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí mo gbọ́ pé eyín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ọmọ náà ń jẹ́ kí ẹ sùn? Bí ẹ bá béèrè èmi, ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Inú mi ni kò dùn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mò ń pe bàbá rẹ ní "ó" nínú lẹ́tà yìí. "Wọ́n" tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un látọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀ kọ̀ láti jáde lẹ́nu bírò mi lónìí. Tó bá yá, á padà.

O lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn láì dágbére. N ò bá ẹ wí. Èmi náà ni mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún ẹ.

O rí bí kámẹ́rà tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́ ṣe sọ bàbá rẹ di èèyàn mìíràn. Látìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò lè di ayùn àti ìfági mú mọ́, ńṣe ló máa ń jókòó sójú fèrèsé bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ní báyìí, á gbé kámẹ́rà lé orí ẹ̀yìn àga kó má baà mì, á ní kí ẹni tó jókòó má mira, fọ́tò á sì yọ síta lẹ́nu kámẹ́rà bí ẹni yọ ahọ́n síni. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Dúró-Gbà-Á. Ó ti ya onígbàjámọ̀, ó ti ya ìyá oníbúrẹ́dì, ó ti ya gbogbo àna wa. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀ títí kan ẹnu ọ̀nà. Ìwọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà láàárín gbùngbùn, tó ń la ẹnu rẹ̀ gbàgà.

Mo mọ̀ pé nítorí Ẹlẹ́rìn-ín ni. Òun ló bá ẹ wáṣẹ́ sí yàrá oògùn ilé ìwòsàn, òun náà ni ọ̀gá rẹ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń ṣèwádìí bi ẹ́ léèrè ẹni tó ń kó páálí oògùn lọ sílé, tí àwọn aláìsàn sì ń pa dà lọ lọ́wọ́ òfo, o dárúkọ rẹ̀. Wọ́n lé e. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ ti ń sọ pé, "Ọmọ tí mo bí ló ba ọ̀rẹ́ mi jẹ́."

Mo rò pé ọmọ tuntun á mú ọkàn bàbá rẹ rọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o wá nìyẹn. O gbé ọmọ jókòó sórí àga, kò tíì lè dá jókòó, o bá kúnlẹ̀ o dì í mú. Bàbá rẹ gbójú sókè lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ní, "Kúrò níbẹ̀. Ọmọ nìkan ni mò ń yà." O sún sẹ́yìn títí ara rẹ fi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n o ò ju ọmọ rẹ sílẹ̀.

Ohun tí o ò rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Lẹ́yìn tí o lọ, fọ́tò náà hàn tán. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Lábẹ́ abíyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ hàn, tòun ti òrùka. Bàbá rẹ mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń ránṣọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Ọwọ́ yẹn ló gbé ọmọ náà dúró." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Fọ́tò yẹn kì í ṣe ìwé lásán, oògùn tó ń mú àwòrán hàn wà láàárín rẹ̀. Bí sísọ́ọ̀sì ṣe gba ọrùn ọwọ́ rẹ kọjá, oògùn náà ń yọ́ jáde bí ọyún. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó tún bà á jẹ́ sí i. Fọ́tò ya sí méjì. Kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọmọ ti di àbàwọ́n. Kámẹ́rà yẹn kì í ní ẹ̀dà, ọ̀kan tó bá yọ náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín wá kí i. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò náà fún un lójú bàbá rẹ. Àfi bí ẹni pa iná, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ. Mo kó o. Ìwọ náà mọ̀, o ò kàn fẹ́ mọ̀ ni." Mo rò pé ó ti tán, pé bàbá rẹ á sunkún, pé màá sáré wá pè ẹ́. Ńṣe ló dìde, tó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mo pa ọmọ mi tì nítorí ẹ. O wá ń sọ fún mi pé lásán ni?" Ó lé e jáde. Ó já fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri. Kò ní ọ̀rẹ́ mọ́, kò sì ní ọmọbìnrin.

Láàárọ̀ òní, ó ní kí n kọ̀wé sí ẹ, kí o fi ọmọ rán ẹ̀gbọ́n rẹ, òun á tún un yà. Kò dárúkọ rẹ. Ó ní "kó fi ránṣẹ́."

Má fi ránṣẹ́. Má sì wá, àyàfi tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ẹ́. Mo mọ̀ pé ara mi náà ni mò ń fìyà jẹ, torí ọmọ náà á ti máa rìn kí n tó tún gbé e. N ò sì lè kó wá bá ẹ. Èmi ni mò ń di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, èmi ni mò ń bu omi sí i lẹ́nu. Tí mo bá lọ, ebi á pa á láàárín àwọn fọ́tò rẹ̀. Mò ń tọ́jú rẹ̀, inú sì ń bí mi sí i. Méjèèjì ni mò ń ṣe lójoojúmọ́.

Kí ẹnu tó sọ òótọ́ má ṣe mọ ebi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ rẹ máa jí rí ojú rẹ. Kí o má ṣe le sí i bí wọ́n ṣe le sí ẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tijú rẹ.

Àfikún: Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó bi mí pé kí ni mo kọ. Mo na lẹ́tà náà sí i pé kó kà á. Ó ní òun ò rí awò ojú òun. Awò náà wà lápò àyà ẹ̀wù rẹ̀, àwa méjèèjì la sì ń wò ó.