Orúkọ Ta Ni Ẹ Pè Lórí Kókò Yìí?

Abúlé Lotofuli,
Erékùṣù Savaii, Samoa.
Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ ti lọ.

Fuatino ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le ní Brisbane níbẹ̀? Ṣé òtútù kò pọ̀ jù, ṣé o sì ń jẹun? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ òkun tó wà láàárín àwa àti ìwọ máa ṣọ́ ọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú yẹn bí mẹ́sàn-án, ó sì sùn lé méjì lórí. Páànù ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjì ká lọ, a ti kàn án padà. Ìyá mi, màmá àgbà rẹ, ń bẹ láàyè, eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu wọn, ohun tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń fi í jẹ. Mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi.

Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kó o lè mọ̀, kó o má baà máa rẹ́rìn-ín bó o ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń bínú lórí fóònù. Orí fóònù kúkú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. O pè mí ní Fúráìdè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ò ń sunkún, mo bi ọ́ pé ta ló kú, o ní kò sẹ́ni tó kú, iṣẹ́ rẹ ló fẹ́ bọ́. O ní ìgbìmọ̀ kan máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ lóṣù tó ń bọ̀, pé wọn ò ní bèèrè bóyá o máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, wọn ò ní bèèrè bóyá o máa ń bọ̀wọ̀ fágbà, pé iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn bá dárúkọ rẹ nínú ìwé wọn ni wọ́n máa kà. O ní ọ̀gá rẹ, Purofẹ́sọ̀ Renshaw, wọ́n ti pe orúkọ tirẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjìlá ìgbà, tìrẹ kò ju mẹ́tàdínlógójì lọ. O wá ní ohun kan wà tí wọ́n fi ń wọn onímọ̀ tó ń jẹ́ H, pé H rẹ kò ju mẹ́rin lọ.

Ọ̀rọ̀ H yẹn ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Ta ló ní kí wọ́n máa fi H wọn ọmọ wa? Àbí o ti gbàgbé pátákó tó wà lára ògiri ilé Pásítọ̀, tá a fi kọ́ ọ ní A, E, I, O, U? Gbogbo lẹ́tà tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ tò tán, kí wọ́n tó wá fún H àti K àti R láyè nísàlẹ̀ pátápátá, bí àlejò tó dé lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan la fi ń kọ. Ohun tí kì í ṣe tiwa, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ní púpọ̀ nínú ẹ̀? Renshaw ní H rẹpẹtẹ, ó yẹ bẹ́ẹ̀, R wà nínú orúkọ rẹ̀, H wà nínú rẹ̀, inú ilé bàbá rẹ̀ ló ti bá wọn. Kí wọ́n fi F wọ̀n ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ, tàbí T, tó bẹ̀rẹ̀ Tapuni tí mo fún ọ, ká wá wo ẹni tó máa kéré. Sọ fún ìgbìmọ̀ yẹn pé bàbá rẹ ló ní kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n ti ká pe orúkọ, ìyẹn yé mi, torí iṣẹ́ mi ni. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá ń sìnkú, tàbí tí wọ́n bá ń fi ẹnì kan joyè, tí ará ilé àti ará oko gbé ẹní dáadáa àti ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja inú agolo wá, èmi ni mò ń dúró níwájú ilé pẹ̀lú ọ̀pá mi, tí mò ń ké e síta pé èyí ni lágbájá gbé wá, ọmọ lágbájá, láti ilé báyìí. Ohun tí wọ́n gbé wá tá ò ké orúkọ ẹni tó gbé e wá, olè la jà. O rántí ọdún tí mo fo orúkọ opó Sieni, tó mú agolo ẹran kan ṣoṣo wá. Ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni ìgbìmọ̀ àwọn olóyè bù lé mi. Mo san án, mi ò jiyàn, torí mo jẹ̀bi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde lọ bá àwọn olóyè náà ní Satidé, mo ní ọmọ wa fẹ́ pàdánù iṣẹ́ nítorí pé èèyàn kò pe orúkọ rẹ̀ tó, ṣé abúlé yìí ya odi ni? Wọ́n ní rárá. Ní Sọ́ńdè, bí Pásítọ̀ ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, gbogbo ìjọ bọ́ sétí òkun, a sì pè ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tàgbà tèwe, Fuatino Tapuni, Fuatino Tapuni, Pásítọ̀ ń fi bírò fa igi sínú ìwé. Igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ènìyàn. Àwọn ará abúlé kejì gbọ́ ariwo, wọ́n rò pé o rì sómi ni, ọkùnrin mẹ́rin ti ti ọkọ̀ sínú òkun kí wọ́n tó bèèrè ohun tó dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé H rẹ ló kéré, wọ́n ní kí Ọlọ́run wò ọ́ sàn, àwọn náà sì pè ọ́ kí wọ́n tó yí ọkọ̀ padà. Mo fi ìwé Pásítọ̀ sínú lẹ́tà yìí. Kí ìgbìmọ̀ yín ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ mẹ́tàdínlógójì yẹn.

Lagi tíṣà, tẹ́ ẹ jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, ló ní òun kò rò pé wọ́n máa gbà á, pé inú ìwé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pè ọ́. Mo ní kó lọ wá ìwé tí ìwọ àti Renshaw kọ lórí kókò wa. Ó gbà á sórí fóònù rẹ̀, ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde létí èbúté, ojú ewé mọ́kànlá. Ó tún fi ibi táwọn onímọ̀ ìlú mìíràn ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà hàn mí. “Renshaw et al.” ni wọ́n kọ. Gbogbo ibẹ̀, Renshaw et al. Mo ní ta ni Etali? Ṣé àbúrò rẹ̀ ni? Kí ló ṣe nínú iṣẹ́ náà tí wọ́n fi ń pè é tí wọn ò pe ọmọ mi? Lagi ní kì í ṣe ènìyàn, pé ohun tó túmọ̀ sí ni “àti àwọn yòókù.”

Àwọn yòókù! Ìwọ tó o kó ìbọ̀wọ́ àti àwọn ìgò kéékèèké rẹ wá síbí, tó o dúró nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, tó o fi ọdún mẹ́fà ka ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kókò títí o fi rí ìdí tí àrùn kò fi lè mú un, ìwọ ni yòókù. Mo gbé ọ̀pá mi. Mo ní mò ń bọ̀ ní Brisbane, kí Renshaw wá sọ ọ́ lójú mi. Lagi ní kí n kọ́kọ́ jókòó kí òun ka ìwé náà tán.

Màmá ló ní ká má tíì kà á, ká dúró di Sọ́ńdè. Fuatino, o mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n màá tún un sọ torí ó jọ pé o ti gbàgbé. Ọdún tí ewé kókò jẹrà ní gbogbo Samoa, tí gbogbo ilẹ̀ ń rùn, tí oníkálùkù fa tirẹ̀ tu tí a ń jẹ ìrẹsì lójoojúmọ́, màmá rí ìdí kókò mẹ́ta lẹ́yìn odò tí kò kú. Òwúrọ̀ kan ò lọ kí wọ́n má gé ewé tó bá ní àbàwọ́n. Ọdún méje ni wọn ò jẹ nínú rẹ̀, wọn ò tà, wọ́n ń tún un gbìn ṣáá, àwọn èèyàn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń tọ́jú kókò bí ọmọ jòjòló. Lónìí, orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pè é káàkiri erékùṣù yìí, Kókò Vaoita. Nígbà tó o dé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wà á fún ọ.

Nítorí náà ní Sọ́ńdè tó ṣáájú tàná, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì wọn olódòdó, wọ́n jókòó sórí ẹní láti gbọ́ orúkọ wọn. Lagi ń kà, ó ń túmọ̀. Bó bá ti ṣí ojú ewé, màmá á tún fìlà ṣe. Ó kà á dé orí kókò tí àrùn kò mú. Ó ní orúkọ tí wọ́n pè é ni S mẹ́tàdínlógún. Mo ní kí ni S mẹ́tàdínlógún, níbo ló ti wá? Lagi ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé inú oko kan ní Savaii ni wọ́n ti mú un.

Oko kan.

Ó ka ibi ọpẹ́. O dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún yín lówó iṣẹ́. O dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó yá yín ní fìrísà. Fìrísà, Fuatino. Ó wá ka orúkọ àwọn tẹ́ ẹ pè lẹ́yìn ìwé, mò ń fi òkúta wẹ́wẹ́ kà wọ́n, méjìdínláàádọ́ta, òkú wà nínú wọn. Mo bi Lagi pé ṣé Renshaw ló kọ apá ibẹ̀ yẹn. Ó ń to ojú ewé pọ̀. Mo tún bi í. Ó ní ìwọ lo sọ fún òun lẹ́nu ara rẹ pé Renshaw kò kọ nǹkan kan níbẹ̀, pé ọwọ́ rẹ lo fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀.

Màmá ní, “Bóyá ó wà ní ojú ewé tó kàn.” Lagi ní èyí ló kẹ́yìn. Màmá ní á jẹ́ pé ọ̀kan ti já bọ́ lọ́nà nìyẹn, pé ọkọ̀ tó ń ti èbúté bọ̀ máa ń gbọ̀n jù.

Mo ti sọ ọ̀pá mi sílẹ̀. Mi ò wá bá Renshaw mọ́. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo lo wò kó o tó sọ kókò màmá ní S mẹ́tàdínlógún? Ò ń sunkún sí mi létí pé ẹni mẹ́tàdínlógójì péré ló pè ọ́. Ta ló pe màmá? Renshaw tiẹ̀ sọ ọ́ di yòókù, ó gbà pé o wà níbẹ̀. Ìwọ ò fún ìyá mi ní yòókù. Ó dùn mí, ojú sì tì mí, torí igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ènìyàn ni mo kó lọ sétí òkun láti ké orúkọ ẹni tí kò lè kọ ẹyọ orúkọ kan.

Lagi ní ọ̀nà wà, pé àwọn onímọ̀ lè kọ ọ́ síta pé àwọn ṣe àṣìṣe, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n ó lè bí Renshaw nínú, ó sì lè ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ níwájú ìgbìmọ̀, pé bóyá kó o dúró kí wọ́n jókòó tán. Mo gbọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni mo san lórí agolo ẹran kan, mi ò ní kí wọ́n dúró.

Mo mọ̀ pé ibi tí mo ti máa ń tọrọ owó lo ń wá báyìí. Bátìrì rédíò ti kú, ṣúgà ti tán, owó páànù ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró dè mí. Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí, ì báà ṣe tálà kan. Orúkọ màmá ni kó o fi ránṣẹ́. Vaoita. Lẹ́tà mẹ́fà ni, kò sì sí H kankan níbẹ̀ tó máa nira fún ọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Kí ó má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di yòókù níbikíbi. Ohun tó o bá gbìn kò ní jẹrà mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ṣì jẹ́ bàbá rẹ, inú ṣì ń bí mi.

Tapuni.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí ni màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n tún dé fìlà yẹn lánàá, wọ́n bi Lagi bóyá ojú ewé náà ti dé. Wọ́n ní bó o bá rí i, kó o pè kó o fúnra rẹ kà á fún àwọn lórí fóònù, kó o sì kà á sókè díẹ̀, torí etí àwọn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́.