Líǹkì tó gbé Bàbá jáde ní kíláàsì yín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Àárò yín ń sọ wá. Ẹsẹ̀ Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, a sì ti pààrọ̀ páànù tó ń jò. Ojú Bàbá ni ò gbọ́ oògùn mọ́.

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé rèé. Àràárọ̀ ni Bàbá ń ní kí n ṣí kíláàsì títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe tẹ́ ẹ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ló kọ́ yín níṣẹ́ ọ̀hún, ohùn yín ni wọ́n kàn fẹ́ máa gbọ́. Nínú ẹ̀kọ́ kejì, ẹ fi líǹkì kan síbẹ̀, “Ẹ tẹ ibí” nìkan lẹ kọ sí i. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin mìíràn ló gbé wa lọ, èmi pàápàá ò tètè mọ̀ pé a ti jáde. Bàbá ti ń fi orúkọ yín pe ọkùnrin náà. Wọ́n ní òtútù ibi tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ló yí ohùn ọmọ àwọn padà. Látọjọ́ náà, òun ni wọ́n ń ní kí n ṣí. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ká tó tẹ líǹkì, ẹ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ àti bá a ṣe máa padà. Ẹ fẹnu sọ ọ́, Bàbá ò ríwèé kà mọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ pe Bàbá. Ẹ má bínú tí wọ́n bá bi yín pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò yín.