Orúkọ Ẹni Tó Pa Èsì Rẹ́

Yàrá Kọ̀ǹpútà,
Ọjọ́bọ̀.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Kí lẹ́tà yìí má bá ọ lórí àìsàn o, nítorí mo fẹ́ kí o rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa dùn ọ́. Ọwọ́ ti tẹ Ọ̀gá Àkọsílẹ̀.

O rántí pé ìwọ lo kọ́kọ́ ṣí àkójọ ìwé àwọn aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo wa sì ń fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ wọlé, nítorí ìmẹ́lẹ́ kò jẹ́ kí a béèrè tiwa. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ kan pòórá, orúkọ rẹ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀gá dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní, "Orúkọ kì í purọ́." Wọ́n lé ọ bí ẹni lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dì í sínú.

Lẹ́yìn rẹ, èmi ni ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ní kí n tún ọ̀nà ìwọlé ṣe. Mo ṣe ìwé orúkọ kan ṣoṣo sórí kọ̀ǹpútà àgbà fún ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilé ìwòsàn wa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí àkójọ kankan, àkójọ náà yóò kọ́kọ́ bi ìwé orúkọ pé ta nìyí, kí ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí? Olúkúlùkù, orúkọ tirẹ̀. Inú Ọ̀gá dùn ṣìnkìn, ó ní òun bọ́ lọ́wọ́ pásíwọ́ọ̀dù mẹ́fà tí wọ́n fún òun lẹ́yìn tí o lọ. Mo rọra ń wò ó.

Kò ju oṣù méjì lọ, ó kọ èsì ẹnìkan sínú ìwé ẹlòmíì, ó sì pa á rẹ́ kí wọ́n má bàa rí àṣìṣe rẹ̀. Ìwé orúkọ sọ ẹni tó wọlé, ó sọ aago, ó sọ kọ̀ǹpútà tó lò. Ó ní ẹlòmíì ló lo orúkọ òun. Mo bi í lójú ìgbìmọ̀ bóyá ó fún ẹnikẹ́ni ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní láéláé. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, sà. Orúkọ kì í purọ́." Kò pẹ́ tó fi jẹ́wọ́ pé òun náà ló pa èsì ẹ̀jẹ̀ ìjọ́sí rẹ́, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé ọ.

Èmi ni wọ́n ní kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo ní kí ó dúró kí ó máa wò mí. Mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ní kí n ṣàánú òun. Àánú wo? Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ìwé tí yóò pè ọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ń bọ̀. Ojú kò ní tì ọ́ mọ́ láàárín ẹgbẹ́, ohun tí o pàdánù yóò padà sọ́wọ́ rẹ ní ìlọ́po méjì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí tábìlì wa jọ kọjú síra,
Ẹlẹ́nu-bí-abẹ.

Àfikún: Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ orúkọ àwọn tó mọ̀ pé gbogbo wa ló ń lo orúkọ rẹ, tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń lé ọ. Tèmi ni mo kọ́kọ́ kọ. Jọ̀ọ́, má bá mi bẹ̀ wọ́n.