Bàbá Dominic Láníyì, Akọ̀wé Tó Fi Kọ̀ǹpútà Wá Ọjọ́ Ìbí Ara Rẹ̀

Ìpele, ní agbolé Láníyì, ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Dominic, ní ọdún 1948. Jonah Láníyì, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Abigail ni ìyá wọn. Bàbá kàwé mẹ́fà ní Ìpele, wọ́n sì parí girama ní Ọ̀wọ̀ ní 1967.

Ní 1971, wọ́n wọṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ tuntun sílẹ̀, títí dé ìlú Arimogija. Wọ́n gbé Màmá Veronica níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní 1974, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin títí ohùn fi há. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá àwọn arúgbó ìlú ṣe ìwé ọjọ́ orí.

Akọ̀wé ọjọ́ ìbí yìí kò mọ tirẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní tí wọ́n búra sí ní kóòtù ló wà nínú ìwé wọn, ó sì ń dùn wọ́n. Wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí gidi, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ní 2023, wọ́n rí káàdì ìrìbọmi wọn nínú àpótí ìyá wọn: ọjọ́ keje oṣù kẹta, 1948 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún wọn. Ìyá wọn sì máa ń sọ pé ọjọ́ Sọ́ńdè lòun bí i, ọjọ́ kẹjọ tí òun bí i ni fádà ṣèrìbọmi fún un. Abéèrè kì í ṣìnà: Bàbá ní kí Jemimah, ọmọ-ọmọ wọn, kọ́ wọn ní C, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó lè bá wọn ṣírò ọjọ́ ìbí náà. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin! Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti gba ọjọ́, oṣù àti ọdún, àti pé Fẹ́búárì a máa fi ọjọ́ kan gùn sí i lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n ní kó yọ ọjọ́ mẹ́jọ kúrò. Ó dáhùn: Sátidé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì. Sátidé kẹ̀? Ṣé ìyá àwọn parọ́ ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi wù wọ́n.

Màmá Veronica, tó ń bó ẹ̀gúsí, ló tú u: "Baba Olúgbádé, tí wọ́n bá bímọ lónìí, ṣé ẹ kì í ka òní mọ́ ọn ni? Ọjọ́ kẹjọ tá à ń sọmọ lórúkọ, ọ̀sẹ̀ kan ṣáá ni."

Bàbá sọ mẹ́jọ di méje. Sọ́ńdè jáde, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí jígí fi bọ́ lójú wọn. Ní 2024, ọjọ́ náà yọjú. Bàbá jó ijó tí kò bá orin kankan mu, wọ́n ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn, torí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjọ́ ìbí àwọn ń wá. Inú wa dùn jọjọ.

Bàbá sùn ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, 2025. Màmá Veronica, ọmọ mẹ́rin tí Olúgbádé jẹ́ àkọ́bí wọn, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló gbẹ̀yìn wọn.

Ó di 2028 kí ọjọ́ ìbí yín tó tún yọjú, Bàbá. A ó bá yín jó o. Ẹ sùn re o.