Aṣọ́lé Ni A Fẹ́: Ẹ̀bẹ̀ Láti Ẹgàn

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
Ẹgàn, nítòsí Ìgándò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1992.

Ọ̀gbẹ́ni Julius Akínbọ́lá,
Alága, Ìgbìmọ̀ Ìdíje Bọ́ọ̀lù Àárín Àdúgbò,
Ibùgbé Àwọn Olùkọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ TÍ ÌGBÌMỌ̀ YÀN FÚN ẸGBẸ́ ÌṢỌ̀KAN, ẸGÀN, NÍGBÀ Ọ̀FỌ̀, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌPÀÀRỌ̀

Mo kí yín kú iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Èmi ni Agnes Olúfúnkẹ́ Akínlẹ́yẹ, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìṣọ̀kan láti ọdún 1986. Èmi náà ni ìyàwó olóògbé Simeon Akínlẹ́yẹ, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ aṣọ́lé rẹ̀, ẹni tí ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́nu góòlù, títí ó fi kú. Ìwé yìí kì í ṣe ìwé ìdúpẹ́. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èyí tí mo kọ ṣáájú, ìwé ìdúpẹ́ ni wọ́n pè é, wọn kò sì ṣí i.

Ọkọ mi kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A sin ín ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kan náà. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló wá, àfi ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Ìbàdàn. Wáyà tí ẹ fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé ọkọ mi, mo jókòó sílé fún ogójì ọjọ́. N kò lọ sí ọjà, n kò lọ sí ìpàdé.

Àárín ogójì ọjọ́ yìí ni ọjọ́ tí a ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun bọ́ sí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ètò náà jù mí lọ, torí ẹ̀yin lẹ mú un bọ̀ láti Amẹ́ríkà: àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun á gbá bọ́ọ̀lù ìdánwò, ẹgbẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á sì mú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn, kí ẹgbẹ́ tí ó ṣe ìkẹyìn lọ́dún tó kọjá kọ́kọ́ mú. Àwa la ṣe ìkẹyìn. Àìsàn ti wà lára aṣọ́lé wa láti ìgbà náà, kò kàn jẹ́ kí a mọ̀ ni. Nítorí náà àwa ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú.

Nígbà tí n kò lè jáde, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé aṣọ́lé ni a fẹ́, pé Olútóyìn Fámúrewá ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa. Mo fi rán Susanna, àbúrò ọkọ mi. Kò sí àpò ìwé kankan nílé àfi èyí tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn tí a tẹ̀ fún ìdúpẹ́ ìsìnkú, tí wọ́n ya àgbélébùú sí igun rẹ̀ tí orúkọ Simeon sì wà lábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo fi í sí. Ibí yìí ni ẹ̀bi tèmi wà, mo sì gbà á. Igbákejì yín, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé Ọ̀ṣínúbi, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ Susanna, ó ní kí Ọlọ́run tù wá nínú, ó sì tì í bọ inú fáìlì. Kò sẹ́ni tí í ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàárín ìpàdé. Ìyẹn yé mi.

Ohun tí kò yé mi ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣínúbi sọ fún ìpàdé pé níwọ̀n ìgbà tí ilé Ẹgàn wà nínú ọ̀fọ̀, ìgbìmọ̀ ni yóò bá wa yàn, àti pé ẹni tí ó dára jù nínú gbogbo wọn ni yóò jẹ́ ti wa, kí a fi tu ara wa nínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì yan Músílíù fún wa, ẹni tí ó gbá góòlù márùn-ún wọlé lọ́jọ́ ìdánwò. Músílíù dára. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù iwájú ni, irú rẹ̀ mẹ́ta ni a sì ti ní tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kan náà ló dúró létí ibojì aṣọ́lé wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ kan ṣáájú. Méjì nínú wọn bá wa gbé pósí. Kò wá sí ẹnì kan tí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni yóò máa dúró síbẹ̀ báyìí.

Ẹgbẹ́ Pleasure, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ kẹta tí ó mú, ló mú Fámúrewá. Aṣọ́lé méjì ni wọ́n ti ní. Wọ́n ní torí pé òun ló dára jù nínú àwọn tó kù ni àwọn fi mú un. Láti ìgbà náà, orí bẹ́ǹṣì ló wà.

Ẹ gbọ́ bí ó ti ń lọ fún wa. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí a gbá góòlù mẹ́ta, wọ́n gbá márùn-ún fún wa. Ní ọjọ́ kejìlá a gbá mẹ́rin, wọ́n gbá mẹ́fà. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó ń gbá góòlù tó wa nínú ìdíje yìí, àwa náà la sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin tí a fi ṣe aṣọ́lé lọ́jọ́ méjèèjì, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni. Lẹ́yìn èkejì ó bẹ̀ mí pé òun kò lè ṣe é mọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, Músílíù fúnra rẹ̀ ní kí a jẹ́ kí òun gbìyànjú rẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ ń tì í pé nítorí òun ni a kò fi ní aṣọ́lé. Báyìí ni ẹni tí ó mọ góòlù gbá jù ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ṣe lọ dúró lẹ́nu góòlù, tí wọ́n gbá méje fún un. Ó jókòó sórí koríko lẹ́yìn eré. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe fún wa gan-an nìyẹn, wọ́n sì ń retí pé kí n dúpẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣínúbi láti ìgbà tí ogójì ọjọ́ ti pé. Nígbà àkọ́kọ́ ó ní kí n lọ sinmi. Nígbà kejì ó rán ìyàwó rẹ̀, Mary, sí mi nínú pálọ̀, òun sì gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà kẹta ó sọ òtítọ́ fún mi: ó ní bí wọ́n tilẹ̀ ka ìwé mi, bóyá ni àwọn ì bá yan aṣọ́lé, torí pé erùpẹ̀ orí Simeon kò tíì gbẹ, kò sì bójú mu kí a fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀ níṣojú mi. Gbogbo ènìyàn ló ń kí mi kú ìrọ́jú, kú ìfaradà. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ fún mi ní aṣọ́lé.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣínúbi tún ní ẹ̀kọ́ yín ni àwọn tẹ̀ lé, pé ẹ̀bùn ni à á kọ́kọ́ wò. Mo wà ní ìpàdé yẹn ní ọdún 1990, èmi ni mo kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo sì ti lọ kà á. Ẹ sọ fún wa nípa bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mọ́ra sáré, pé àwọn ẹgbẹ́ wọn náà máa ń to ara wọn mú àwọn tó ń jáde ní yunifásítì. Ẹ ní àwọn kan gbà pé ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ jù ni kí a mú, torí àìní lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀bùn kò ní yí padà. Ẹ wá sọ ti ẹgbẹ́ kan tí ó ní asáré méjì, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí ó tún lọ mú ẹ̀kẹta, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò dáàbò bo ajubọ́ọ̀lù wọn, ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù; ẹ ní wọ́n ṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù náà léjìká kí ọdún tó parí. Ọkọ mi dìde, ó bi yín pé bí ẹ̀bùn bá lọ sọ́tùn-ún tí àìní lọ sósì ńkọ́. Ẹ dáhùn pé onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò, nítorí náà kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni Òfin Kẹrin ti wá. Òfin náà kò sọ pé àfi ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀bùn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ogójì ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Mẹ́rìndínlógún ni àwa. Òfin Kẹsàn-án sì sọ pé ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe ìkẹyìn ní ọdún méjì léra yóò kúrò nínú ìdíje. Tí ó bá ń bá a lọ báyìí, kí ó tó di oṣù kejìlá, kò ní sí Ìṣọ̀kan mọ́. Ọdún mẹ́jọ ni Simeon fi kọ́ ọ. Òun ló ń lọ pe àwọn agbábọ́ọ̀lù jí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, láti Ẹgàn títí dé Akẹ́sán, lórí kẹ̀kẹ́.

Òfin Kẹfà gba ìpààrọ̀ láàyè kí a tó gbá eré kẹrin, bí alága bá fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣínúbi ní òun kì í ṣe alága. Ọjọ́ Sátidé yìí, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ni eré kẹrin. Ẹgbẹ́ Pleasure fẹ́ Músílíù, àwa fẹ́ Fámúrewá, àwọn méjèèjì sì gbà tayọ̀tayọ̀. Ìwé ìpààrọ̀ wà nínú èyí. Gbogbo wa ti fọwọ́ sí i, àyè yín nìkan ló kù. Susanna ni yóò mú un wá, mo sì ti sọ fún un pé kí ó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà yín láìgba èsì.

Ní ti ohun tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń bẹ̀rù, pé yóò dùn mí bí mo bá rí ọkùnrin mìíràn níbẹ̀: òótọ́ ni. Yóò dùn mí. N ó wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, n ó sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí n kò lè máa wò mọ́ ni àyè náà bí ó ti wà báyìí, tí bọ́ọ̀lù ń wọlé, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ bí a ti ń mú un. Mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ sí i.

Mo dúpẹ́ fún àkókò tí ẹ fi ka èyí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìdíje yìí,

Agnes Olúfúnkẹ́ Akínlẹ́yẹ (Ìyáàfin),
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìṣọ̀kan, Ẹgàn.