Yìnyín Tí Màmá Ẹfúnkẹ́ Gbé Lọ fún Ọkàn Bàbá

Agboolé Ọ̀ṣìnúbí ní Ọ̀tà ni wọ́n ti bí olóògbé Ẹfúnkẹ́ Adérógbà ní oṣù kẹjọ, ọdún 1947. Gbogbo àdúgbò mọ ìyá wọn, Àṣàbí, sí Ìyá Ológì. Ìwé mẹ́fà ni Màmá kà. Ẹnu ni wọ́n fi parí ìyókù.

Ní 1968, wọ́n di aya Gbọ́ládé Adérógbà, ará Ìkirè tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Láti 1979 ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oníyìnyín kan ní Ilo-Awela.

Ní 1989, nígbà tí sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn Bàbá kò tì dáadáa mọ́. Dókítà ní àwọn yóò dá ọkàn náà dúró, ẹ̀rọ yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara, yìnyín yóò sì dáàbò bo ọkàn títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìnyín ilé ìwòsàn ti bàjẹ́, kò sì sí èlò tí wọn yóò fi tún un ṣe. Màmá ní kí wọ́n kó omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà síni lára wá, àwọn yóò dì í níbi iṣẹ́.

Wọ́n gbé e kọjá Toll Gate nínú kúlà. Ó le bí òkúta. Dókítà dá a padà pé yóò pa ọkàn lára, wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Màmá sunkún dé ilé. Ìyá Ológì wo àpò omi náà, wọ́n ní: “Ẹfúnkẹ́, ọmọ ológì ni ẹ́. Kí ló dé tí o kò ro ó kó tó dì?”

Nígbà kejì, Màmá ń fi ọwọ́ pò ó láti ìta àpò bó ṣe ń dì, títí ó fi rí bí ògì tutù. Lọ́jọ́ náà, ọkàn Bàbá dúró fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná padà wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Dókítà kọ́ Màmá láti máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Bàbá láràárọ̀. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá lọ ní 2002, ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá kò sinmi. Àràárọ̀ ni wọ́n ń nà án sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, wọn a sì bá aṣọ lásán. Àárò Bàbá sọ wọ́n púpọ̀. Nínú ẹgbẹ́ abẹ̀wò aláìsàn ìjọ wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì mú kí wọ́n tó gbàdúrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 2019, Abísọ́lá, àkọ́bí wọn, fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màmá. Ó tutù. Ó mọ̀ pé kò ní lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́, síbẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Abísọ́lá, Tóyọ̀sí, Afọlábí àti ọmọ-ọmọ méje ni wọ́n gbẹ̀yìn wọn.

Màmá, ẹ na ọwọ́ yín. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ sùn re o.